Àrà Ọwọ́ Tó Ń Bọ́ Ìlú: Kí Ló Kàn Wá Nínú Ọrọ̀ Ajé Iṣẹ́ Ọ̀nà?

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìjọba àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ń tún sọ lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí. Wọ́n ń pè é ní ọrọ̀ ajé iṣẹ́ ọ̀nà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tilẹ̀ ya odindi ọdún 2021 sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbọ́ ọ tí a ò kà á kún, torí ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni. Bí wọ́n bá se ọbẹ̀ yìí lẹ́yìn wa, òórùn rẹ̀ nìkan la ó máa gbọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní ká tú u palẹ̀ nínú ìwé wa yìí: ká mọ ohun tó jẹ́, ká mọ àwọn ìlú tó ti rí i ṣe, ká mọ ibi tí ewu wà, ká sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa láti ṣe.

KÍ LÓ Ń JẸ́ BẸ́Ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ funfun ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìgàn aṣọ funfun bá dé ọ̀dọ̀ wa, tí a tà á bó ṣe wà, èrè díẹ̀ ló máa ń wà lórí ẹ̀. Oníbàárà tó bá rí i níbi tó ti dínwó ju tiwa lọ, ibẹ̀ ló ń lọ, torí aṣọ funfun kan ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n kí aláró kan gba aṣọ yẹn, kó fi ìko dì í, kó rẹ ẹ́ sínú aró, kó sá a, kó tún rẹ ẹ́, kó wá tú u. Àrà tó bá jáde lára aṣọ yẹn, kò sí irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbòmíràn. Owó tó gorí aṣọ náà kì í ṣe owó òwú mọ́, owó ọgbọ́n ni.

Owó ọgbọ́n yẹn ni ọ̀rọ̀ dá lé. Gbogbo iṣẹ́ tó jẹ́ pé làákàyè, àrà, ohùn tàbí ìtàn tó wà nínú ẹ̀ ni oníbàárà ń sanwó fún jù lọ, iṣẹ́ ọ̀nà ni. Àdìrẹ wà níbẹ̀. Aṣọ òkè wà níbẹ̀. Ìkòkò mímọ, igbá fínfín, ère gbígbẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ sínsín, orin, eré ìtàgé, fíìmù, aṣọ rírán, oúnjẹ tí wọ́n mọ ìlú kan mọ́, ọdún ìbílẹ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo iye ẹnu tó ń jẹun lára ìgàn àdìrẹ kan ṣoṣo. Ẹni tó ta aṣọ funfun jẹ níbẹ̀. Ẹni tó di ìko tàbí tó fi abẹ́rẹ́ gán an jẹ. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ ni, ẹni tó ta láfún jẹ, ẹni tó fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ jẹ, ọkùnrin tó gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ náà jẹ. Aláró jẹ. Ẹni tó ta sódà jẹ, ẹni tó ta igi ìdáná jẹ, ẹni tó pọnmi jẹ. Àwọn tó ń fi kùmọ̀ lu aṣọ kó lè máa dán jẹ. Lẹ́yìn náà ló tó kan àwa tí à ń tà á, alágbàrù tó rù ú, ìyá olóúnjẹ tó bọ́ gbogbo wọn, télọ̀ tó rán an, àti onímọ́tò tó gbé oníbàárà wá. Ìlú tó bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, owó kì í kàn gba ibẹ̀ kọjá, ó máa ń yí ká ilé mélòó kan kó tó jáde.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ ÌLÚ BÍI TIWA?

Àwọn kan á ní Èkó lowó wà, Èkó nìlú ọlọ́gbọ́n. A ò jiyàn. Èbúté wà l'Ékòó, báńkì wà níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń wá ibi tí ọkọ̀ òkun ti ń jẹrù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀nà kò nílò èbúté kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó nílò ni ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, àyè tó tóbi, omi, àti orúkọ. Nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ìlú tí kò tóbi jù ló sábà máa ń ní wọn.

Ẹ wo àyè. Aláró nílò àgbàlá tí yóò sá aṣọ sí. Awunṣọ nílò ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí yóò ta òwú sí. L'Ékòó, owó ilé nìkan á ti jẹ èrè tán. Ẹ wo ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe: inú agbo ilé ni iṣẹ́ wọ̀nyí ti ń ràn, ọmọ ń wo ìyá, ọmọọmọ ń wo ìyá àgbà. Ẹ wá wo orúkọ. Bí a bá sọ pé aṣọ òkè, Ìṣẹ́yìn ló ń wá síni lọ́kàn. Bí a bá sọ pé àdìrẹ, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ni. Igbá fínfín, Ọ̀yọ́ ni. Ìkòkò amọ̀, Ìlọrin. Orúkọ yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńláńlá a máa ná owó rẹpẹtẹ kí aráyé tó mọ orúkọ wọn, àwọn baba àti ìyá wa ti ṣe ti àwọn ìlú yìí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe àwa nìkan la rí i bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2004 ni UNESCO ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ìlú kárí ayé tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọ̀nà tún ara wọn ṣe: àwọn kan nípa iṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan nípa orin, fíìmù, ìwé tàbí oúnjẹ. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olú ìlú orílẹ̀-èdè wọn.

Ọ̀nà náà sì ti ń rọrùn sí i. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, oníbàárà lè jí láàárọ̀ l'Ékòó, kó wá ra àdìrẹ, kó sì sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ wa náà ń ṣe bíi ìsọ̀: ó ń gbé àwòrán aṣọ dé London àti Houston kí òòrùn tó wọ̀.

BÍ ÒṢOGBO ṢE ṢE É

Ẹ jẹ́ ká wo ìlú kan fínnífínní. Ní ọdún 1962, Òṣogbo kì í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ kankan, torí ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọdún 1962 yẹn ni Dúró Ládiípọ̀, eléré ìtàgé, pẹ̀lú Ulli Beier ará Jámánì, ṣí ibùdó kan síbẹ̀. Mbari ni irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Ṣùgbọ́n etí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ sí “M bá rí, m bá yọ̀”, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe di Mbari Mbayo. Láàárín ọdún 1962 sí 1964, wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ ìlú wá síbẹ̀ láti wá kọ́ bí a ti ń ya àwòrán. Púpọ̀ nínú wọn kò kàwé lọ títí. Jímọ̀ Búráímọ̀ ń bójú tó iná nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ ni, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun. Twins Seven-Seven, tí ijó jíjó ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, UNESCO fi í jẹ oyè Oníṣẹ́ Ọ̀nà fún Àlàáfíà ní ọdún 2005. Eré Dúró Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀, Ọba Kò So, dé ìlú Berlin ní ọdún 1964.

Lákòókò kan náà, Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí Òṣogbo sọ ní Àdùnní, ń bá àwọn bíríkìlà àti káfíńtà ìlú tún ojúbọ Ọ̀ṣun ṣe. Nígbà náà, àwọn èèyàn ti ń gé igi igbó náà, wọ́n ti ń wo ilẹ̀ ibẹ̀ bí ilẹ̀ oko àti ilẹ̀ ilé. Bí wọ́n bá ti gé e tán ni, ta ni yóò tún máa wá wò ó? Ìjọba sọ ọ́ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì fi í kún ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Igbó náà tó sáàrè ilẹ̀ márùnléláàádọ́rin tí a bá fi hẹ́kítà ṣírò rẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àlejò ń wá láti Nàìjíríà gbogbo, àti láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń bọ Ọ̀ṣun títí dòní. Ìyá elẹ́kọ mọ oṣù náà, onílé ìtura mọ̀ ọ́n, aláṣọ mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́sìn mìíràn ni púpọ̀ nínú wa, a ò sì sọ pé ká fi ẹ̀sìn wa sílẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé igi tí ìlú kan kò gé ló di ọjà fún un.

Obìnrin náà kò sì gbẹ́yìn. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, lọ́dọ̀ ìyá ńlá rẹ̀ ló ti kọ́ bí a ti ń hun aṣọ. Ó dá ibùdó kan sílẹ̀ l'Óṣogbo ní ọdún 1983, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní aró rírẹ, aṣọ híhun àti àwòrán yíyà láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó yá ló tó ṣí ilé àwòrán sí Lẹ́kí l'Ékòó. Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ṣe tò ó: ìlú kékeré ló ti kọ́ iṣẹ́, ìlú kékeré ló ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn, Èkó ló gbé ọjà lọ.

Kí la rí kọ́? Òṣogbo kò kọ́kọ́ dúró de owó ńlá. Ibi ìkọ́ṣẹ́ kan, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe tí wọn kò fi ọgbọ́n wọn pamọ́, àti ohun àjogúnbá tí wọn kò jẹ́ kó bàjẹ́: ohun tó gbé e dìde nìyẹn.

ỌDÚN ÌLÚ NÁÀ, ỌJÀ NI

Ẹ wo Ìjẹ̀bú Òde náà. Ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba, tí àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ìyẹn àwọn régbérégbé, ń tò wá kí Awùjalẹ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, tí àwọn ìdílé Balógun sì ń gun ẹṣin yan. Ní ọdún 2024, àwòrán ayẹyẹ náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan débi pé àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú Òde rí ń bèèrè bí wọ́n ṣe lè débẹ̀. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́. Régbérégbé kan kò lè wọ aṣọ àná. Ẹgbẹ́ á yan àwọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, awunṣọ Ìṣẹ́yìn á ta òwú, oníbùbá á rán, oníbàtà á ṣe bàtà, onílẹ̀kẹ̀ á sín ìlẹ̀kẹ̀. Ọjọ́ kan ni ayẹyẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìlú ló ní ọdún tirẹ̀ tó jẹ́ pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkè òkun ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń ṣe é. Owó ọdún wọn ń tú jáde nílùú kí ọdún tó parí.

OHUN TÍ ÌTÀN ABẸ́ÒKÚTA KỌ́ WA

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní àwọn ọdún 1920, àdìrẹ Abẹ́òkúta ti ń kọjá odò. Àwọn oníbàárà ń wá rà á láti Gold Coast, tó ń jẹ́ Ghana báyìí, wọ́n ń wá láti Senegal. Àwọn obìnrin ló ni òwò náà: àwọn ló ń ra aṣọ òyìnbó, àwọn ló ń rẹ ẹ́, àwọn ló ń tà á.

Nígbà tí ọjà gbóná, wọ́n wá ọ̀nà tí yóò yá. Èlú tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń fi omi eérú pò, ọjọ́ mélòó kan ló ń gbà kó tó wọ̀. Sódà àti aró òyìnbó kò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n sódà, aṣọ á gbó lọ́wọ́ oníbàárà, aró á ṣí. Ìráhùn pọ̀, ọjà sì dẹnu kọlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n ní ọ̀dá owó tó bo gbogbo ayé nígbà náà ló pa ọjà, wọ́n sì ní ohun tó ń jẹ́ kí àwọn rí owó jẹ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n fẹ̀hónú hàn títí ọ̀rọ̀ fi dé etí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ìjà yẹn, ìhà méjèèjì ló ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Aṣọ tí kò dára ń ba orúkọ ìlú jẹ́, òótọ́ ni. Òfin tí wọ́n ṣe láìfi ti àwọn oníṣẹ́ ṣe kò lè dúró, òótọ́ nìyẹn náà. Ohun tó sọnù láàárín wọn ni pé kí àwọn aláró fúnra wọn jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tó jẹ́ aṣọ tó dára, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ara wọn. Agbára àtiṣe é kò sì jìnnà sí wọn. Kò ju bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà lọ tí àwọn obìnrin ọjà Ẹ̀gbá, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níwájú, fi bá owó orí àwọn obìnrin jà láti ọdún 1947, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀ ní ọdún 1949. Obìnrin tó lè ṣe ìyẹn lè ṣọ́ aró tirẹ̀.

EWU TÓ WÀ NÍLẸ̀ LÓNÌÍ

Ewu tòní ju ti sódà lọ. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó gbé àwòrán àdìrẹ wọ̀, ti kún ọjà. Ó dínwó, ó sì ń dán. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Màpó ló wà nínú àrà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, àwòrán ló kàn ń dà kọ. Aláró tó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe aṣọ kò lè bá a du owó. Lọ́wọ́ kejì, aṣọ funfun fúnra rẹ̀ ti wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ ní Nàìjíríà ló ti ti ilẹ̀kùn, òkè òkun ni púpọ̀ nínú aṣọ funfun ti ń wá, àti láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀, owó rẹ̀ ń fò bíi ti dọ́là. Bí àwọn ìyá aláró bá wá ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ wọn kò sì kọ́ ọ, orúkọ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù fún ìlú. Orúkọ tí kò ní ọwọ́ nídìí, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e sá lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀ fún wa láti sọ, torí àwa kan náà là ń ta ayédèrú yìí. A kò ní bú ẹnikẹ́ni. Ilé ń béèrè, ọmọ ń béèrè. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra: ẹni tó bá fẹ́ ta aṣọ ẹ̀rọ, kó tà á. Ṣùgbọ́n kó pè é lórúkọ tó ń jẹ́. Ẹni tó bá pe aṣọ ẹ̀rọ ní àdìrẹ fún àlejò, ọ̀bẹ ló ń tì bọ aláró tó wà ní ìsọ̀ kejì, ó sì ń tì í bọ ara rẹ̀. Bí àlejò náà bá délé tó mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, gbogbo ọjà wa ló ti sọnù lójú rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ òwò yìí, bí ẹ ṣe lè mọ ojúlówó rèé. Ẹ yí aṣọ náà padà: aró ọwọ́ sábà máa ń wọ aṣọ já dé ẹ̀yìn, ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣì ní ẹ̀yìn. Ẹ wo àrà méjì tó jọra lára ẹ̀: ti ọwọ́ kò lè bára mu gẹ́lẹ́, ti ẹ̀rọ kò ní fi ìlà kan yàtọ̀. Ẹ wo etí ibi tí àwọ̀ ti pàdé funfun: lára àdìrẹ oníko, aró máa ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, ti ẹ̀rọ máa ń gé ṣáká.

ÀMÌ TÓ Ń ṢỌ́ ỌJÀ

Àwọn kan ti kojú irú ìṣòro yìí rí. Àwọn erékùṣù kan wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Scotland, tí wọ́n ń pè ní Outer Hebrides. Kò sí ìlú ńlá níbẹ̀. Wọ́n ń fi irun àgùntàn hun aṣọ tó ń jẹ́ Harris Tweed. Nígbà tí aṣọ ayédèrú fẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi àmì kan lélẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojúlówó. Ní ọdún 1993, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé aṣọ tí ará erékùṣù náà bá fi ọwọ́ hun nínú ilé ara rẹ̀ níbẹ̀ nìkan ló lè jẹ́ orúkọ yẹn. Awunṣọ tó wà nínú ilé rẹ̀ lórí erékùṣù ń ta aṣọ fún gbogbo ayé, torí àmì náà ń bá a sọ̀rọ̀ níbi tí kò lè dé.

Òfin àmì ọjà ilẹ̀ wa náà fàyè gba irú àmì ìjẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà tó yẹ ká mọ̀ níbẹ̀: ẹni tó bá forúkọ àmì ìjẹ́rìí sílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ta ọjà tí àmì náà ń jẹ́rìí sí. Nípa bẹ́ẹ̀, àwa ọlọ́jà kò lè dá a gbà fúnra wa. A nílò ìgbìmọ̀ mìíràn tí kì í tajà, tí àwọn aláró, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn àgbà ìlú jọ yàn, tí yóò máa yẹ aṣọ wò. Ó bọ́gbọ́n mu, torí ẹjọ́ ẹni kì í dùn ún dá fúnra ẹni.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọ̀nà tuntun, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, wà fún ẹni tó bá ya àrà tuntun láti inú ọpọlọ ara rẹ̀. Ọmọ wa tó bá ń ya àrà tirẹ̀, kó máa fi ọjọ́ sí i, kó máa ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́. Àwọn àrà àtijọ́ bí Olókun àti Ìbàdàndùn, gbogbo wa la jọ ni ín, ẹnì kan kò lè dá a jẹ́ tirẹ̀.

KÍ LÓ KÙ KÁ ṢE?

Ìjọba ní tiwọn láti ṣe. Ayẹyẹ àti pátákó ìkíni-káàbọ̀ kò tó. Ìlú tí aláró ti ń ra omi, tí télọ̀ ti ń fi ẹ̀ńjìnnì ránṣọ, tí ọ̀nà ọjà ti kún fún kòtò, kò tíì múra fún ọrọ̀ ajé kankan. Omi, iná, ọ̀nà àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ fún àlejò ló kọ́kọ́ yẹ ká máa bi wọ́n. Kí a sì bi wọ́n ní ibi tí omi aró á máa gbà lọ, torí omi sódà tó ń ṣàn wọ odò ń pa ẹja, ó sì ń ba omi àwọn tó wà nísàlẹ̀ jẹ́.

Ní tiwa, èyí tó wà lọ́wọ́ wa rèé:

Àkọ́kọ́, ká fi àjọ àti ẹ̀ẹ́sú wa ra aṣọ funfun pọ̀. Ẹni tó ra ìgàn kan àti àwọn ogún èèyàn tó jọ ra ọgọ́rùn-ún ìgàn, iye tí wọ́n ń bá wọn dá kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èkejì, kí aláṣọ ẹ̀rọ àti aládìrẹ ọwọ́ máa tajà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì kọ ọ́ síwájú ìsọ̀ kí àlejò lè mọ èwo lòun ń rà.

Ẹ̀kẹta, ká gba ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tó jáde ilé ìwé tí kò ríṣẹ́, ká má jẹ́ kó rò pé ìyà ló gbé ìyá rẹ̀ dé ìdí ìkòkò aró. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Òun ló mọ fóònù lò, ìyá ló mọ aró. Bí wọ́n bá jókòó pọ̀, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á parí.

Ẹ̀kẹrin, ká kọ orúkọ àwọn àrà sílẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá àgbà ṣì wà. Orúkọ àrà, ìtumọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dì í. Ìtàn tó wà nídìí aṣọ wà lára ohun tí àlejò ń rà.

Ìkarùn-ún, ká fi rọ́bà bọ ọwọ́ nídìí sódà, ká má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Oníṣẹ́ tó fọ́jú tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ bó kò lè jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Ìkẹfà, kí àwa fúnra wa máa wọ̀ ọ́. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ dá aṣọ, ọwọ́ aláró wa ni kó ti kọ́kọ́ wá.

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa o. Iṣẹ́ ọ̀nà nìkan kò ní sọ ìlú di ọlọ́rọ̀ lọ́sàn-án kan òru kan. Ẹni tó ń ta iṣu á ṣì máa ta iṣu, ẹni tó ń ta ata á ṣì máa ta ata. Ṣùgbọ́n ìlú tí àlejò ń wá sí torí àrà ọwọ́ rẹ̀, oníṣu ibẹ̀ á tà, aláta ibẹ̀ á tà. Ìdí tí ọ̀rọ̀ aláró fi kan gbogbo ọjà nìyẹn.

Ẹ bá wa ka ìwé yìí fún àwọn ìyá tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ aṣọ funfun àjùmọ̀rà àti ti ìsọ̀ ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wá sí ìpàdé, ká jọ jókòó lé e lórí, kí ẹni tí kò fara mọ́ ọn náà wá sọ tẹnu rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọjà á tà o. Aró wa á mú, iṣẹ́ ọwọ́ wa kò sì ní í parẹ́ mọ́ wa lójú. Àṣẹ.